Èèpo Ìwé Ayé Victoria àti Ojú Tó Ń Wò Ó

Láyé Ọbabìnrin Victoria, ìdìpọ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ìtàn àròsọ máa ń jẹ́ nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣílè 31 àti sísì kan ni wọ́n ń ta odindi rẹ̀, owó gọbọi tí mẹ̀kúnnù ò lè san. Ọ̀dọ̀ Charles Edward Mudie, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé yáni ní 1842, ni ọ̀pọ̀ ti ń kà á. Ẹni tó bá san ṣílè 21 lọ́dún a yá ìdìpọ̀ kan, a dá a padà, a gba òmíràn. Ìdí nìyí tí àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá fi wọ́n bí ojú.

Michael Sadleir (1888–1957), òǹtẹ̀wé àti òǹkọ̀wé, ni ọ̀gá àwọn tó ń kó ìwé wọ̀nyí jọ. Nígbà tí àwọn olówó ń bọ́ aṣọ ara ìwé sọnù kí wọ́n lè fi awọ dídán dì í, Sadleir ní bó ṣe jáde gan-an ni kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìwé rẹ̀, XIX Century Fiction (1951), ṣì ń tọ́ni sọ́nà. Yunifásítì California ní Los Angeles ni àkójọ rẹ̀ wà.

Orí èèpo ni iṣẹ́ gbé wà. Iwájú èèpo ni wọ́n ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì Mudie mọ́. Àwọn òǹtajà ti bó ọ̀pọ̀ rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ẹni tó mọṣẹ́ á gbé ìwé sẹ́bàá fèrèsé, á fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè rá kọjá lórí aṣọ rẹ̀. Ojú ibi tí lébẹ́ẹ̀lì wà á dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, torí oòrùn ò rí ibẹ̀ pa. Á sì le díẹ̀ lábẹ́ ìka nítorí lẹ́ẹ̀ tó ṣẹ́kù. Bí àpá bá wà lára ìdìpọ̀ kìíní àti ìkẹta, tí ara ìkejì mọ́ foo, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ibòmíràn ni wọ́n ti mú ìkejì wá. Lẹ́yìn náà ni yóò wo ibi tí èèpo ti so mọ́ ìwé nínú. Lẹ́ẹ̀ àtijọ́ a máa gbẹ, a sì máa rún wẹ́wẹ́. Bí ihò abẹ́rẹ́ bá ju ojú okùn lọ, wọ́n ti tú ìwé náà rán rí. Sadleir kò fi irú èyí ṣeré rárá: àwọ̀ aṣọ, àwọ̀ bébà inú èèpo, orúkọ ẹni tó ni ẹ̀dà rí, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀.

Ìpolówó tí òǹtẹ̀wé dì mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà ń jẹ́rìí. Bí ọjà bá ṣe ń yá ni wọ́n ń di ẹ̀dà. Bí ìtàn bá jáde ní 1861, tí ìpolówó rẹ̀ jẹ́ ti 1863, ẹ̀dà náà pẹ́ kó tó wọṣọ.

Irú ìfarabalẹ̀ yìí ló tú àṣírí àwọn ìwé ayédèrú tí Thomas James Wise ṣe ní 1934. John Carter àti Graham Pollard yẹ bébà ìwé ewì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ 1847 sí wò, wọ́n sì bá èròjà igi tí àwọn tó ń ṣe bébà kò tíì máa lò nígbà náà.

Lónìí, fótò orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ń wò kí wọ́n tó sanwó, bẹ́ẹ̀ fótò kì í sọ bí lẹ́ẹ̀ ṣe gbẹ tó. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ tẹ ewé tó sọnù, wọ́n á kì í bọ àárín ìwé láìwí fún ẹnikẹ́ni. Ìbàjẹ́ gbáà ni.

Ní 1894, ilé ìyáwèé Mudie àti ti W. H. Smith kéde pé àwọn ò ní san ju ṣílè mẹ́rin lọ lórí ìdìpọ̀ kan mọ́. Kò pẹ́ tí ìdìpọ̀ mẹ́ta fi kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù, kí wọ́n gbé e kúrò lójú oòrùn, kí wọ́n tò ó lóòró, kí ẹnikẹ́ni má sì bọ́ aṣọ rẹ̀.