Tètè Kì í Ṣe Yára: Àríwísí lórí Bí A Ṣe Ń Kó Ọ̀rọ̀ Ìyára Jọ fún Akẹ́kọ̀ọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí Haúsá jẹ́ èdè ilé rẹ̀ kọ gbólóhùn yìí nípa ọkọ̀ ojú irin Kàdúná sí Àbújá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016: ‘Ọkọ̀ náà tètè gan-an.’ Mo fagi lé e. Ó wá fi àkójọ ọ̀rọ̀ tó kà hàn mí. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló wà níwájú ‘tètè’, ‘yára’ àti ‘kíákíá’. Èmi ni mo kọ àkójọ náà. Nítorí náà, ara mi ni àríwísí yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kúrú, ó sì rọrùn láti há sórí. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó sọ ìtumọ̀, kò sọ ìlò. ‘Yára’ lè dá dúró bí ọ̀rọ̀-ìṣe: ‘Ọkọ̀ náà yára.’ ‘Tètè’ kò lè dá dúró. Ó ń ṣaájú ọ̀rọ̀-ìṣe, àsìkò ló sì sábà ń tọ́ka sí. Ẹni tó tètè dé lè má yára rìn rárá. Ó lè jẹ́ ìdájí ló ti kúrò nílé. ‘Yí’ ni ‘bìrí’ ń bá rìn. ‘Kọjá’ tàbí ‘rí’ ni ti ‘fìrí’. ‘Wàdùwàdù’ ní tirẹ̀ jẹ́ ìyára aláìfarabalẹ̀. A kì í fi yin ènìyàn.

Èyí kò mọ sórí Yorùbá. Nínú èdè Sípáníìṣì, ‘rápido’ lè yán ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì lè yán ọ̀rọ̀-ìṣe. ‘Deprisa’ kì í yán ọ̀rọ̀-orúkọ ní tirẹ̀. ‘Pronto’, bó bá ń yán ọ̀rọ̀-ìṣe, sún mọ́ ‘tètè’ wa ju ‘yára’ lọ. Haúsá náà ya méjèèjì sọ́tọ̀: ‘da wuri’ fún ẹni tó tètè dé, ‘da sauri’ fún ẹni tó yára. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti mọ ìyàtọ̀ náà láti ilé. Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì tí mo mú un gbà ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi ni pé kí a kọ gbólóhùn méjì sí iwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: èyí tó gbà á àti èyí tó kọ̀ ọ́. Kí a sì bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí èdè ilé rẹ̀ ń pè é kí a tó sáré lọ bá Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ti dá máàkì akẹ́kọ̀ọ́ náà padà. Àkójọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni mo ń tún kọ lọ́wọ́.