Oríkèé Ọ̀bẹ

Bàbá kò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀bẹ náà. Wọ́n gbé e sún mọ́ etí, wọ́n fi èékánná ṣí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń retí ìró tí yóò jáde láti inú èèkù. Nígbà tó nà tán, ó dún kẹ́. Wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i, wọ́n wá mi ojú ọ̀bẹ sọ́tùn-ún sósì.

“Nǹkan kan ò ṣe sípíríǹgì rẹ̀. Oríkèé ló dẹ̀.”

Ọ̀bẹ bàbá tó bí mi ni. Òun ni wọ́n fi ń lọ́ ọsàn nígbà ayé wọn, mi ò sì fẹ́ kó bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹnìkan ló júwe Bàbá yìí fún mi ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, lọ́nà tó ti ẹnu géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí Lágere, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń pe èrò láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Abẹ́ agboòrùn ńlá kan ni wọ́n ń jókòó sí. Fáìsì kan wà lórí tábìlì wọn, fáìlì mẹ́ta, òòlù kékeré, àbẹ́là, orin bíi mélòó kan, àti àjákù irin rélùwéè tó ti di owú wọn. Orí irin náà ti dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n ń fi iyanrìn fọ̀ lójoojúmọ́. Nínú ààfin Ọọ̀ni, ní ìlú yìí kan náà, Ògún Ládìn wà níbẹ̀, òkìtì irin tí ìtàn sọ pé owú Ládìn alágbẹ̀dẹ ni. Mo rántí rẹ̀ bí mo ṣe ń wo àjákù irin yìí.

Àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ Bàbá, àmọ́ lọ́jọ́ náà ọ̀bẹ àpò mẹ́rin ló wà níwájú wọn, kò sì sí èyí tí oríkèé rẹ̀ jọ ti èkejì. Mo wá bẹ́ǹṣì, mo jókòó.

Ti bàbá mi, ká sòótọ́, kò ní lọ́ọ̀kì rárá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lẹ́yìn èèkù tó ń ti ìdí ọ̀bẹ. Ìdí ọ̀bẹ náà ní ẹ̀gbẹ́ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ̀gbẹ́ yẹn bá ti jókòó lé irin, ọ̀bẹ á dúró. Bí èèyàn bá sì tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ tagbára-tagbára, á ṣẹ́ wọlé. Irú oríkèé yìí náà ló wà lára ọ̀bẹ tí Karl Elsener kó fún àwọn ológun Súwísì ní 1891. Ẹni tó ń lọ́ ọsàn kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò fi ojú ọ̀bẹ la èèpo igi bíi lẹ́tà T, yóò fi ahọ́n idẹ tó wà ní ìdí èèkù gbé èèpo náà sókè, yóò sì ti ojú igi tuntun bọ̀ ọ́. Ní gbogbo ìgbà tó ń gé nǹkan, agbára ọwọ́ ń ti ọ̀bẹ síta ni, kò tì í wọlé. Èmi ni mo fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ihò sára bẹ́líìtì lọ́jọ́ kan, tó fi ṣẹ́ padà lé mi níka. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá gé ọ̀rá omi píọ́wọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n kì í bọ àárín ìdí ọ̀bẹ àti èèkù. Wọ́n gbé orí ìṣó oríkèé lé irin rélùwéè, wọ́n sì ń fi òòlù kan orí kejì. Wọn kò lù ú láàárín. Etí rẹ̀ ni wọ́n ń lù yíká, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi ìka kan ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ti ń sùn. Nígbà tí wọ́n fa ọ̀rá náà yọ, ààyè tó kù sílẹ̀ kò ju ìnípọn ọ̀rá lọ: ọ̀bẹ kò mì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fún.

Èkejì jẹ́ ti ìyá kan tó ń ná ọjà Kútọnu, Opinel onígi láti ilẹ̀ Faransé. Joseph Opinel ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1890, àmọ́ 1955 ni òrùka irin tó ń dè é tó dé ara rẹ̀. Mi ò tíì rí lọ́ọ̀kì tó rọrùn ju èyí lọ. Òrùka náà là níbì kan. Bí ibi tó là bá kọjú sí ojú ọ̀bẹ, ọ̀bẹ á kọjá. Bí èèyàn bá yí i díẹ̀, ara òrùka á dínà. Ohun tó ṣe tìyá yìí ni pé igi èèkù ti mu omi òjò, ó wú, ó di ojú ọ̀bẹ mú pinpin. Bàbá kò fi fáìlì kan án. Wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n kọjú sí nǹkan mìíràn. Nígbà tó gbẹ, wọ́n fi àbẹ́là ra inú ibi tó là lára igi náà, ó tán.

Ẹ̀kẹta, ti awakọ̀ kan, kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣe bíi jangirọ́fà: eyín tó wà ní orí kan ń bọ́ sínú ihò tó wà ní ìdí ọ̀bẹ, èèyàn á tẹ orí kejì kí eyín tó lè jáde. Buck, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ló sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti 1964. Omi ọsàn àti eruku ló ti dì sínú ihò yẹn. Bàbá jẹ orí orin kan títí tó fi di búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ho ó jáde, wọ́n kán epo kan ṣoṣo sí i.

Ẹ̀kẹrin, ti oníṣẹ́ iná kan, ló gba ọ̀sán wọn. Irin pẹlẹbẹ méjì ló wà nínú èèkù rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Wọ́n la ọ̀kan ní gígùn, wọ́n sì tẹ apá tí wọ́n là náà sí àárín díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìgbà gbogbo ló ń fẹ́ sún síbẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wà ní pípadé, ìdí ọ̀bẹ ló ń dí i lọ́nà. Bí ó bá nà tán, ọ̀nà á ṣí, irin á sún bọ́ sẹ́yìn ìdí ọ̀bẹ, á sì dúró bí ẹni tó fèjìká ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ Michael Walker, ará Amẹ́ríkà, ló ti di bó ṣe wà yìí níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ibi tí irin yìí àti ìdí ọ̀bẹ ti ń kanra kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìdúró ọ̀bẹ wà. Nínú ti oníṣẹ́ iná yìí, ibẹ̀ ti jẹ. Irin náà ti sún kọjá ààyè rẹ̀, ó ti lọ fara ti ẹ̀gbẹ́ kejì.

“Bàbá, ṣé ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ ni?”

“Rárá o. Màá nà án ni.”

Wọ́n tú u, wọ́n to àwọn sukúrù sínú ìdérí agolo mílíìkì. Wọ́n gbé orí irin pẹlẹbẹ náà lé owú, wọ́n fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀mẹfà, súnmọ́ etí rẹ̀ gan-an, kí irin lè fẹ̀ síwájú. Wọ́n tò ó padà. Ó ti wá gùn jù báyìí, kò lè wọlé sẹ́yìn ìdí ọ̀bẹ. Bàbá kò bínú sí i. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Wọ́n tan àbẹ́là. Wọ́n gbé ìdí ọ̀bẹ sókè iná títí ẹ̀ẹ́fín fi kùn ún dúdú, wọ́n nà án, wọ́n pa á dé, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Níbi kan péré, ní igun òkè, dúdú náà ti ṣí. Ibẹ̀ nìkan ni irin ń kàn. Wọ́n mú fáìlì tó kéré jù, wọ́n tì í síwájú lẹ́ẹ̀mejì lára orí irin pẹlẹbẹ. Fáìlì wọn kì í lọ kó bọ̀: wọ́n á tì í, wọ́n á gbé e kúrò, kí wọ́n tó tún fi lélẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ́fín, nínà, pípadé, wíwò. Mo kà á dé ẹ̀ẹ̀meje. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo rò pé ó ti tó. Bàbá tún fi fáìlì kàn án lẹ́ẹ̀kan, ìkàn kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìró. Lẹ́ẹ̀keje, ibi tó ṣí nínú dúdú náà ti fẹ̀ dọ́gba láti igun dé igun, irin pẹlẹbẹ sì dúró níbi tó yẹ kó dúró, kò sún dé àárín.

Wọ́n kó ìka wọn kúrò lọ́nà ojú ọ̀bẹ, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan etí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yẹ̀.

“Àtàǹpàkò lo máa fi ti irin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó o bá fẹ́ pa á dé,” wọ́n wí fún ọmọkùnrin tó ni ín. “Ọ̀bẹ bá ti mì díẹ̀, yára gbé àtàǹpàkò kúrò. Ọ̀nà ọ̀bẹ ló wà yẹn.”

“Ẹ ṣé, Bàbá.”

Ọmọkùnrin náà fa wáyà kúkúrú kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó bó èèpo dúdú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wo ẹnu ibi tó bó. Ó sanwó, ó gun ọ̀kadà lọ sọ́nà Lágere. Bàbá nu ẹ̀ẹ́fín kúrò ní ọwọ́, wọ́n fa àgádágodo kan tó ti dógùn-ún súnmọ́ra, wọ́n gbé e sétí.