Ìgbẹ́jọ́ Méjì nínú Eré Othello

Ní ọdún 1693, Thomas Rymer fi Othello, eré William Shakespeare, ṣe ẹlẹ́yà pé ariwo orí aṣọ ìnujú kan ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbẹ́jọ́ méjì ni ó gbé eré náà ró.

Ní Venice, Brabantio fi ẹ̀sùn kan Othello pé oògùn ni ó fi gba ọmọ òun. Àwọn ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pe Desdemona. Ẹ̀rí ẹnu rẹ̀ ni ó dá ọkọ rẹ̀ láre.

Ní Cyprus, Iago purọ́ àgbèrè mọ́ Desdemona àti Cassio. Emilia, aya Iago, búra pé Desdemona kò lábàwọ́n. Othello kò gbà á gbọ́. Desdemona bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bi Cassio léèrè. Othello ti ní kí Iago pa ẹlẹ́rìí náà. Ó sé aya rẹ̀ léèémí títí ó fi kú. Ìgbà náà ni Emilia tó sọ pé òun ni òun he aṣọ náà, tí òun sì fi fún Iago.

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Aṣọ náà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ni owú ń wá, kì í wá ẹ̀rí. Kí olùkọ́ má ṣe fo ìgbẹ́jọ́ Venice: òun ni òṣùwọ̀n tí a fi wọn ti Cyprus.