Ẹni Tó Ń Tẹríba Kó Tó Ya Fọ́tò

Akínbọ̀dé Akínbíyì kì í sábà gbé kámẹ́rà sójú. Àyà ló máa ń gbé e kọ́. Bó bá rí ohun tó wù ú, á dúró, á tẹríba, á wo inú àpótí kékeré náà láti òkè, ìka kan á rìn díẹ̀, ó parí. Ẹni tó ń kọjá lọ lè má mọ̀ pé wọ́n ti ya òun.

Rolleiflex ni kámẹ́rà ọ̀hún, ará Jámánì ni, ọdún 1929 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Ojú méjì ló ní, ọ̀kan lórí èkejì. Ojú òkè ni ayàwòrán fi ń wo ohun tó fẹ́ yà, ojú ìsàlẹ̀ ló ń gba ìmọ́lẹ̀ sórí fíìmù. Ṣí ìdérí rẹ̀, wàá rí títì lórí gíláàsì kan tí kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọ̀tún ti di òsì níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún rẹ, apá òsì ni yóò ti wọlé. Bí o bá fẹ́ tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ á lọ síbi tí kò yẹ, àfi tí ara bá ti mọ́ ọn. Àwòrán méjìlá péré ni fíìmù kan ń gbà. Ó tán nìyẹn, àfi kí èèyàn yà sẹ́bàá títì, kó yọ ọ́, kó ti òmíràn bọ̀ ọ́, kó sì máa bẹ eruku pé kó má wọlé.

Ta ni yóò gbé irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Èkó, níbi tí dánfó kì í dúró de ẹnikẹ́ni? Akínbíyì ti ń gbé e lọ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Kò sí ohun tó ń lé. Á gba òpópónà kan lónìí, á tún gbà á padà lọ́jọ́ mìíràn, títí àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kò fi ní kà á sí àjèjì mọ́.

Oxford ni wọ́n bí i sí ní 1946, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó ka ìwé lítíréṣọ̀ ní Ìbàdàn, ní Lancaster àti ní Heidelberg. Fọ́tò yíyà ní tirẹ̀, ara rẹ̀ ló fi kọ́. Ní 1987 ìwé ìròyìn Stern ti ilẹ̀ Jámánì fún un lówó láti lọ ya Èkó, Kánò àti Dakar, láti 1991 ló sì ti fi Berlin ṣe ibùgbé. Àmì ẹ̀yẹ Goethe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 2016, ó wà lára àwọn tí wọ́n pè síbi àfihàn iṣẹ́ ọnà documenta 14 ní Athens àti Kassel ní 2017, ìlú Berlin sì fún un ní ẹ̀bùn Hannah Höch ní 2024. Ẹ jẹ́ ká fi oyè sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé mi dé ibí.

Kó tó lè yé wa bó ṣe yàtọ̀ tó, ká rántí bí àwa ṣe ń ya fọ́tò. Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó ń ti ṣitúdíò kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tó rí ló kọ sínú ìwé African Arts ní 1978, kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti wọ pálọ̀ àgbàlagbà ní Èkìtì rí. Bàbá jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ó la ẹsẹ̀ kí agbádá lè tẹ́ dáadáa, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún. Kò rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ pé láti orí fìlà dé ìka bàtà. Ayafọ́tò tó bá gé ẹsẹ̀ bàbá kúrò, owó rẹ̀ wọgbó. Ní pálọ̀ bàbá àgbà mi ní Ìyìn, fọ́tò Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ ìlú wa tó ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn láti 1966 sí 1971, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá fúnra wọn. Ọ̀kan wọ aṣọ ológun, èkejì wọ ẹtù, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi wo kámẹ́rà, ojú kan náà ni.

Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn ayafọ́tò Ìlá yẹn náà ló ń ya ìbejì tó ṣẹ́ kù láyé, tí wọ́n á tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọ jókòó pa pọ̀. Bó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á. Á tún wọ aṣọ èkejì, wọ́n á tún yà á. Ẹni tó bá rò pé oníṣitúdíò wa kò ní ọgbọ́n inú, kó lọ tún un rò.

Akínbíyì wá gé ẹsẹ̀. Ó gé orí pàápàá. Ẹ̀yìn àwọn èèyàn pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ju iwájú lọ nígbà mìíràn. Ìgúnpá ẹni tí a kò mọ̀ á yọ sí etí àwòrán, ìdajì pátákó á dúró láàárín, ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ kò sì parí. Bí ayafọ́tò òde wa bá kó irú èyí wá fún ìyàwó ọ̀ṣìngín, wọ́n á lé e. Síbẹ̀, mo ti wò ó títí, mi ò rí ẹni tójú tì nínú wọn.

Ìdí rẹ̀, lójú tèmi, wà nínú ìtẹríba yẹn. Henri Cartier-Bresson ará Faransé, tí àwọn ayàwòrán títì kárí ayé ń wárí fún, ọdẹ ni. Leica kékeré wà lójú rẹ̀, ó lúgọ, ó sì mú ẹni tó fò lórí omi ní Paris ní 1932 nígbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan omi. Akínbíyì ní tirẹ̀, ẹni tó jí láàárọ̀ tó ń kí ará àdúgbò láti ojúlé dé ojúlé ni. Ọmọ Yorùbá mọ ohun tí wíwo èèyàn lójú kòrókòró túmọ̀ sí, pàápàá tí nǹkan dúdú kan bá tún bo ojú ẹni tó ń wò ọ́. Ìjà nìyẹn. Ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, wọn á ní, “Ta ló ní kó o yà mí? Ṣé orí íntánẹ́ẹ̀tì lo fẹ́ gbé mi lọ?” Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹríba níwájú rẹ, ó ti kí ọ ná, bí kò tilẹ̀ lanu. Kó o tó ronú lé e, ó ti kọjá.

Ohun kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ gíga. Lẹ́nsì tó wà ní ìgbáyà rẹlẹ̀ ju ojú àgbàlagbà lọ. Ìyá tó ru igbá kọjá á ga, igbá rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìkùukùu. Ọmọ ọdún mẹ́fà á wo lẹ́nsì lójú láìgbọ́rùn sókè. Kò sí ẹni tí a ń wò láti òkè. Ohun tí oníṣitúdíò fi àga àti aṣọ ńlá ṣe fún bàbá, Akínbíyì fi ibi tó gbé kámẹ́rà sí ṣe é fún ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá.

Dúdú àti funfun ló ń yà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Adó wò ó lórí fóònù mi, wọ́n ní, “Àbúrò, ẹni tó lọ sí Èkó tí kò mú àwọ̀ kan bọ̀, kí ló lọ ṣe?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ara dánfó yẹn.” Ní ojúmọ́ gidi, yẹ́lò dánfó máa ń gba gbogbo ojú, a kì í rí nǹkan mìíràn. Nígbà tí àwọ̀ bá kúrò, ìlà dúdú méjì ló kù, àti ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ kọ sẹ́yìn rẹ̀, àti ọwọ́ kọ̀ńdọ́ tó di ilẹ̀kùn mú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Akínbíyì ń kà. Ẹni tó kàwé lítíréṣọ̀ ní yunifásítì mẹ́ta, ara ògiri àti ara mọ́tò ló wá ń kàwé sí. Ọ̀wọ́ àwòrán rẹ̀ kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ ti fọ́tò tí a ń pàtẹ síta, pátákó ìpolówó àti ìsọ̀ kéékèèké nìkan. Orúkọ tó fún un ni Photography, Tobacco, Sweets, Condoms, and Other Configurations. Ó dà bí ìwé ọjà.

Ọ̀wọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni Sea Never Dry, ọ̀rọ̀ tí a ti rí lẹ́yìn lọ́rì àìmọye. Bar Beach ní Èkó ló yà, láti àwọn ọdún 1980 wá. Àwọn tó mọ etíkun náà mọ ohun tó jẹ́. Níbẹ̀ ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa adigunjalè lójú gbogbo ayé nínú àwọn ọdún 1970. Níbẹ̀ náà ni aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà, tí olólùfẹ́ ti ń jẹ sùyà, tí ẹlẹ́ṣin ti ń wá ẹni tó máa gun ẹṣin rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú àwòrán Akínbíyì, gbogbo wọn wà lórí iyanrìn kan náà, kò sí ẹni tó ń lé ẹnì kejì. Ọ̀run gba ìdajì, iyanrìn gba ìdajì, àwọn èèyàn wá dúró káàkiri. Ìgbì kò dún nínú fọ́tò, ariwo Èkó náà kò dún. Ẹni tó wọ sùtánà kọ ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí òkun.

Irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ló máa ń mú mi. Ó ń ṣe mí bíi kí n pe onítọ̀hún lórúkọ. Ẹni tó bá ti wà ní gáréèjì rí, tó rí ẹ̀yìn ọrùn kan níwájú tó jọ ti bùọ̀dá rẹ̀ tó ti kú, tó ti fẹ́ kígbe kó tó rántí, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Fọ́tò ojú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ojú ti sọ ẹni tó jẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yìn lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ó sì lè jẹ́ ti èèyàn mi. Bar Beach fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Òkun ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, kí wọ́n tó wá da iyanrìn sómi láti fi kọ́ Eko Atlantic. Aláṣọ funfun ti wá ibòmíràn lọ.

Akínbíyì ti kọ́ ojú mi ní ìwàkiwà. Láti Bàsírì ní Adó tí èèyàn bá ti gba ọ̀nà Ìyìn, ògiri ni mò ń wò báyìí. Ọ̀kan wà létí títì tí wọ́n kọ́kọ́ lẹ pósítà ìsìnkú ìyá àgbà kan mọ́: gèlè, ìyùn lọ́rùn, ẹ̀rín kékeré. Ìbò dé, wọ́n lẹ olóṣèlú lé màmá lórí. Òjò rọ̀, olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ní báyìí, ojú kan ṣoṣo ti màmá ń yọ níbi tó yẹ kí etí ọ̀gbẹ́ni náà wà, gèlè wọn sì ti di fìlà fún un. Ẹni tó ń ta bẹntiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì jókòó sábẹ́ àwọn méjèèjì, ó ń tẹ fóònù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sá ẹ̀gẹ́ sórí ọ̀rá, ó funfun gbòò, ẹran ẹnì kan sì ti tẹ̀ ẹ́ kọjá. Kí ni èèyàn fẹ́ fi àwọ̀ ṣe níbẹ̀?

Àwòrán Akínbíyì láti Berlin kò tètè wọ̀ mí lára tó ti Èkó, àfi ti àdúgbò kan ní Wedding tí wọ́n ń pè ní Àdúgbò Áfíríkà. Ẹ ò ní bá ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fún un lórúkọ. Togostraße wà níbẹ̀, Kameruner Straße wà níbẹ̀, àwọn ilẹ̀ tí Jámánì lọ gbà ní 1884. Gbàgede kan ń jẹ́ orúkọ Nachtigal, ẹni tó lọ gbé àsíá wọn kalẹ̀, títí di òpin 2022 tí wọ́n fi yí i padà sí ti Manga Bell, ìdílé ọba Duala kan tí àwọn ará Jámánì yẹgi fún. Akínbíyì ń rìn kiri ibẹ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀, ó ń tẹríba fún pátákó orúkọ òpópónà. Mo rò pé ìyẹn ni ìtẹríba kan ṣoṣo tí ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bá iṣẹ́ yìí jà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kọ́ ló sábà ń rí i. Ògiri funfun Kassel àti ti Gropius Bau ní Berlin, níbi tí wọ́n ti ṣe àfihàn rẹ̀ ní 2020, jìnnà sí ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá. Àwọn ayafọ́tò òde wa ní Adó mọ ọ̀nà tiwọn. Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé ayẹyẹ, wọ́n á tẹ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbogbo ọ̀wọ́ aṣọ ẹbí á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa wá ara wọn. “Èmi rèé!” “Ẹ̀yìn tèmi ni wọ́n yà, mi ò san owó ẹ̀yìn o!” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí wọ́n tẹ́ ti Akínbíyì sí Ọjà Ọba, lórí tapólì, láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi aláṣọ. Wọ́n ní àwọn á ra ọ̀kan, ti aláṣọ funfun etí òkun yẹn, bí wọ́n bá lè bá àwọn fi àwọ̀ sí i.