Ta Ni Yóò Tún Gbé Bọ́ọ̀lù Lé E Lọ́wọ́?

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2020, ní ìlú Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ọmọkùnrin Nàìjíríà kojú Ọsirélíà nínú Ife Àgbáyé kírìkẹ́ẹ̀tì àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà yóò dé irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Windhoek ni wọ́n ti jà fún àǹfààní rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2019. Lọ́jọ́ náà ní Kimberley, ayò 61 péré ni gbogbo wọn rí kó jọ. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tanveer Sangha, tí wọ́n bí ní Sydney fún àwọn òbí tó wá láti Punjab ní Íńdíà, ló lé ẹni márùn-ún jáde nínú wọn, ayò 14 péré ni wọ́n sì rí jẹ lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ìtìjú ni ọ̀pọ̀ èèyàn rí nínú ìròyìn ọjọ́ náà. Èmi rí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀, mo sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù, nítorí ohun tó sọ ọmọ náà di ẹni tí a mọ̀ lónìí ni àwọn ọmọ tiwa kò rí gbà.

Ajubọ́ọ̀lù aláyìípo kì í fi agbára bá ẹni tó di igi mú jà. Àwọn tó ń sáré tete wá ju bọ́ọ̀lù lè jù ú kọjá 140 kìlómítà ní wákàtí kan. Ti aláyìípo kì í sábà ju 75 sí 95 lọ. Ìka àti ọrùn ọwọ́ ni ohun ìjà rẹ̀. Ọmọ tó bá ti ta òkòtó rí ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo mọ ìdajì iṣẹ́ náà: bí ìka bá ṣe yí i tó ni yóò ṣe pẹ́ tó lórí ìdúró. Ìdajì tó kù ló le. Bọ́ọ̀lù kírìkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn nínú afẹ́fẹ́ ní àlàfo tó jẹ́ nǹkan bí ogún mítà láti igi dé igi, kó tẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà, kó já bọ́ ṣáájú ibi tí onígi rò pé yóò bọ́ sí, kí ojú rírán ara awọ rẹ̀ wá gbá ilẹ̀ mú, kó sì yà sí ìhà kejì. Irú ti Sangha, tó jẹ́ ti ọrùn ọwọ́, tún fi ẹ̀tàn kún un: ọwọ́ kan náà, ìsáré kan náà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù á yà sí òdìkejì ibi tí onígi ń retí rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ń mọ èyí ṣe láìjẹ ìyà. Bí ìka bá fi ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ jù tàbí yá jù láti tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀, yóò bọ́ sí ibi tó wu onígi, yóò sì fò kọjá ààlà pápá. Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nípa ọ̀dọ́ aláyìípo kọjá bí ìka rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nà án, ta ni yóò tún gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́?

Ẹ wo Shane Warne, aláyìípo Ọsirélíà tó kú ní ọdún 2022 lẹ́yìn tó ti lé ẹni 708 jáde nínú Tẹ́ẹ̀sì, ìdíje kírìkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ aṣọ Ọsirélíà ní Sydney ní oṣù kìíní ọdún 1992, ẹnì kan ṣoṣo ló lé jáde, Íńdíà sì jẹ ayò 150 lórí rẹ̀. Ní Adelaide, kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Ní Colombo ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Sri Lanka tún jẹ ayò 107 lórí rẹ̀ láìsí ẹni tó lé jáde. Àpapọ̀ rẹ̀ wá di ayò 335 fún ẹnì kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, nígbà tí Sri Lanka fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi ìṣẹ́gun, Allan Border tó jẹ́ ọ̀gágun àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tún pe ọmọ tí wọ́n ti nà yìí. Warne lé ẹni mẹ́ta jáde láìjẹ́ kí wọ́n rí ayò kan lórí bọ́ọ̀lù 13 tó fi parí rẹ̀, Ọsirélíà sì fi ayò 16 borí. A máa ń yin ìka Warne, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Èmi a yin Border pẹ̀lú, torí pé ìpinnu rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ ara iṣẹ́ ọnà ọ̀hún.

Ìtàn Sangha kò dán tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ló tẹ̀ lé. Lẹ́yìn Kimberley, ẹgbẹ́ Sydney Thunder gbà á ṣiṣẹ́, ó sì lé ẹni 21 jáde ní sáà 2020–21. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sán, sáà 2022–23 sì fò ó dá. Wọn kò pa á tì. Ní Durban, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó wọ aṣọ àwọn àgbà Ọsirélíà fún ìgbà àkọ́kọ́, ó lé ẹni mẹ́rin jáde fún ayò 31.

Kírìkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1904 ni Èkó ti ń bá Gold Coast figagbága, King's College, Igbobi College àti Government College Ìbàdàn sì fi kọ́ ìran mélòó kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí sí ni irú eré tí à ń gbá báyìí. Láti ìgbà tí ICC, àjọ tó ń darí kírìkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, ti fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìdíje T20, eré kúkúrú ni ó gba ọ̀pọ̀ àkókò àwọn ọ̀dọ́ wa. Ìpín 20 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú ìpín kan, ìpín mẹ́rin sì ni ajubọ́ọ̀lù kan kò gbọdọ̀ kọjá. Bọ́ọ̀lù 24, ó tán. Ní Kimberley, 60 ni òfin fàyè gba Sangha. Ẹni tó ní 24 á kọ́ bí a ṣe ń dá onígi dúró. Ó ṣòro kó kọ́ bí a ṣe ń dẹ pàkúté, torí pé pàkúté gba kí ẹ̀tàn kọ́kọ́ kùnà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú ẹran.

Ẹnì kan lè fi àwọn ọmọbìnrin wa já mi nírọ́. Ní Kuching ní Malaysia, ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, nínú Ife Àgbáyé T20 àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19, òjò gé ìdíje wọn pẹ̀lú New Zealand sí ìpín 13. Nàìjíríà jẹ ayò 65. Ní ìpín ìkẹyìn, ọ̀gágun Lucky Piety ní kí Lillian Udeh wá jù ú, New Zealand kò sì kọjá ayò 63. Inú mi dùn sí ìṣẹ́gun yẹn títí di òní, ìgboyà ọ̀gágun sì hàn nínú rẹ̀. Àmọ́ eré kúkúrú ló ṣì jẹ́: ó fi hàn pé a ní ọkàn, kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ gbọọrọ tó lè fi kọ́ bí a ṣe ń yí bọ́ọ̀lù.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Òkè-Baálẹ̀, ọ̀dọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Bí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá lè ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ fún eré kan ṣoṣo, kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin eré náà pé aláyìípo kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù 60 rẹ̀ pé, bó ti wù kí wọ́n nà án tó. Ẹni tí wọ́n bá sì jẹ ayò 70 lórí rẹ̀ ní Sátidé kan ni kí ọ̀gágun kọ́kọ́ pè ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.