Lẹ́yìn Tí Àlọ́ Bá Parí: Ẹ̀dá Ìtàn Nínú Géèmù Orí Kọ̀ǹpútà àti Nínú Lítíréṣọ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ ní Dutse Alhaji, ní àgbègbè Bwari ní Àbújá, ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ó ti ń gbá géèmù tí wọ́n ń pè ní Skyrim lórí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé sọ́dọ̀ wọn ni ó pa Alduin, dírágónì tí ó fẹ́ jẹ ayé run, tí ìtàn inú géèmù náà sì fi wá sí òpin. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rìn padà wọ inú ìlú, tí ó ń pàdé àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ńṣe ni ó fajú ro. Ó yíjú sí mi, ó ní, ‘Bàbá, mo ti gba ayé là o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kí mi.’

Kí òǹkàwé tí kò mọ irú géèmù bẹ́ẹ̀ má baà ṣìnà, ó yẹ kí á ṣe àlàyé díẹ̀. Ọdún 2011 ni ilé-iṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà gbé Skyrim jáde. Ó wà lára irú géèmù tí wọ́n máa ń fi ayé inú rẹ̀ sílẹ̀ ní gbayawu: ẹni tí ó ń gbá a lè lọ sí igbó tàbí ìlú tí ó bá wù ú, kí ó bá ẹni tí ó bá rí sọ̀rọ̀, kí ó sì gbé ìwà tí ó bá yàn wọ̀. Ìtàn kan gba inú ayé náà kọjá, ìtàn yìí sì ní òpin. Ayé náà ni kò ní òpin. Nígbà tí akọni bá ti ṣẹ́gun tán, oòrùn ṣì ń yọ, alágbẹ̀dẹ ṣì ń lu irin, ọlọ́jà ṣì ń pàtẹ ní àárọ̀, ó sì ń palẹ̀ mọ́ ní alẹ́. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Whiterun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nazeem, agbéraga paraku, tí ó máa ń bi akọni bóyá ó máa ń rí ààyè dé àdúgbò òkè níbi tí ààfin wà. Kò burú bí ó bá bi àlejò bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n bí akọni bá ti di olóyè ní ìlú náà, tí ó sì ń ti inú ààfin gan-an bọ̀, ohun kan náà ni Nazeem yóò tún bi í. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú sàn díẹ̀ jù ú lọ, nítorí pé wọ́n máa ń mẹ́nu ba díẹ̀ lára ohun tí akọni ti ṣe. Síbẹ̀, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi padà sí ọ̀rọ̀ ọfà tí ó ba wọn ní orúnkún, ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń gbá géèmù náà ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Àwọn kan lè sọ pé eré ọmọdé ni èyí, pé kí ni ó kan lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá nínú rẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀rọ̀ ìfìwàwẹ̀dá ni ọmọ náà sọ, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí à ń pè é. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé nígbà tí àhunpọ̀ ìtàn bá ti tú, kí ni ó kù tí ó ń gbé ẹ̀dá ìtàn dúró? Nínú ìwé, ìbéèrè yìí kì í sábà yọ wá lẹ́nu, nítorí pé a ó pa ìwé dé, a ó sì lọ jẹun. Géèmù onígbayawu yìí ni kò jẹ́ kí á pa ìwé dé.

Àwọn tí ń ṣe géèmù pàápàá mọ̀ pé ìṣòro wà níbẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Fallout 3 jáde ní ọdún 2008, bí ìtàn bá ti parí, géèmù parí nìyẹn. Àwọn tí ń gbá a fárígá, ilé-iṣẹ́ náà sì ṣe àfikún kan ní ọdún 2009 tí ó yí òpin náà padà kí akọni lè máa gbé ayé rẹ̀ lọ. Nínú The Legend of Zelda: Breath of the Wild tí Nintendo ti ilẹ̀ Jàpáánù ṣe ní ọdún 2017, bí akọni bá ṣẹ́gun tán, géèmù yóò dá a padà sí àkókò tí ó ṣáájú ogun ìkẹyìn, bí ẹni pé ogun náà kò tí ì wáyé rí. Ní ti Fallout: New Vegas (2010), lẹ́yìn ogun ìdí odò Hoover, àwòrán àti ohùn asọ̀tàn ni ó ń sọ bí ayé ìlú kọ̀ọ̀kan àti ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe rí lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn yóò sì tì. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí òtítọ́ jù lọ nínú wọn. Ìwà onílé tí ó mọ̀ pé oúnjẹ òun kò lè ká àlejò ni, tí ó sì tètè sìn ín sọ́nà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rere.

Ẹni tí ó bá mọ àlọ́ onítàn yóò ti ṣàkíyèsí pé àìrántí Nazeem kò ṣàjèjì sí wa. Lálẹ́ àná, wọ́n fọ́ Ìjàpá mọ́ àpáta. Lálẹ́ òní, ó tún ti dé, ó ń lọ sí ilé àna rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rántí gbèsè tàbí ìtìjú tí ó jẹ lánàá. N kò tíì rí ọmọ tí ó bi apàlọ́ léèrè ìdí rẹ̀. Àdéhùn ti wà nílẹ̀: bí apàlọ́ bá ti fi agogo ẹnu rẹ̀ búra ní ìparí, ayé àlọ́ náà túká, ọ̀la yóò sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, a kò lè dá Skyrim lẹ́bi nítorí àìrántí nìkan. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó ń ṣe bí ìlú, ó sì ń rántí bí àlọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni D. O. Fágúnwà gbà. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Àkàrà-ògùn kò dúró dè wá lẹ́yìn ìtàn. Bí ó ti sọ tirẹ̀ tán ni ó pòórá. Nígbà tí a tún rí i nínú Igbó Olódùmarè (1949), ìtàn Olówó-ayé bàbá rẹ̀ ni ó mú bọ̀. Dípò kí ìtàn lọ síwájú, ẹ̀yìn ni ó padà sí. (Géèmù Red Dead Redemption ti ọdún 2010 ṣe òdì kejì rẹ̀: wọ́n pa bàbá, ọmọ sì dàgbà di ẹni tí à ń gbá.) Ọgbọ́n ńlá ni ti Fágúnwà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹni tí ó ń yẹ ìbéèrè ni. A kò rí Àkàrà-ògùn rí ní ọjọ́ tí kò ní ibì kan tí ó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí á wo Kákò Oníkùmọ̀ Ẹkùn náà. Obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya dì mọ́ ọn, ó ní kò ní lọ sí Òkè Láńgbòdó, Kákò sì pa á. Ìtàn ń kánjú, ó gba orí òkú náà kọjá. Ní ìlú gidi, ará ilé obìnrin yìí yóò wà ní ẹnubodè ní ọjọ́ tí Kákò bá padà dé. A lè sọ pé mo ń bèèrè ohun tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣèlérí. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bèèrè.

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni Jogbo, ìlú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì yà ní fíìmù. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), Lápité jọba, ó sì kọ̀ láti ṣe ètùtù àti ìmùlẹ̀ tí ó de ọba mọ́ ìlú. Wọ́n ń ta igi inú igbó ìlú, owó ń wọ àpò àwọn ọ̀tọ̀kùlú. Lágata ológun gba ìjọba, ó gbé adé idẹ lé orí tí kò tọ́ sí i, ìlù ṣaworoidẹ dún, Lágata sì kú. Bí ó bá jẹ́ àlọ́ ni, ó parí síbẹ̀. Agogo Èèwọ̀ (2002) ni ó mú wa wọ ọjọ́ kejì, ohun tí a bá níbẹ̀ kò sì jọ ayọ̀ ìṣẹ́gun rárá. Àwọn ìjòyè tí ó mọ adùn ìgbà Lápité ṣì wà ní ìjókòó. Ọba tí yóò jẹ́ kí wọ́n máa jẹ bí wọ́n ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n mú Adébọ̀sípò, wọ́n sì rí i pé ẹni tí àwọn mú kì í ṣe ẹni tí àwọn rò. Ọ̀pálàbà, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àbọ̀ rẹ̀ tí ó ń fi òtítọ́ pamọ́ sábẹ́ ẹ̀fẹ̀.

Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà láàyè lójú wa? Kì í ṣe pé wọ́n ń rìn, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń jí ní àárọ̀, wọ́n ń sùn ní alẹ́. Ará Whiterun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fa á ni pé ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wá kò bá òpin ìtàn àkọ́kọ́ lọ. Ìlù pa Lágata, kò pa ojúkòkòrò. Ìjòyè náà rántí àná nítorí pé àná ṣe é ní àǹfààní, ó sì ń gbìyànjú láti dá a padà. Àléébù kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́: agbára ìbúra ni Ìṣọ̀lá tún fi yanjú ọ̀rọ̀ nínú fíìmù kejì yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti fi ìlù yanjú ti àkọ́kọ́. Bí agogo bá ti dákẹ́, ọjọ́ kẹta ńkọ́?

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀dá ìtàn ń wá nìkan kò tó. Kò sí ẹnì kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bá ṣọ̀tá. Ìkíni ni ó ń retí. Ibí yìí ni èdè wa ti ní ohun tí ó lè kọ́ àwọn aṣègéèmù. Ní ọdún tí ó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá kan wà tí ó máa ń ta ata fún un ní ọjà Dutse. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ jáde padà, ‘Ẹ kú ewu o’ ni ìyá náà fi pàdé rẹ̀, ó dìde dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ‘Ṣé ara ti ń mókun?’ Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti padà sí àríyànjiyàn iye owó ata, àbí kí ni ọjà fẹ́ jẹ́ tí kò bá sí i. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó gbé àpò fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni ó ní kí ó gbé e dé ìdí ọkọ̀. Ó fi oṣù mẹ́ta ṣe bẹ́ẹ̀. Láti kí ènìyàn ní èdè Yorùbá, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, àti ipò tí òun àti àwa wà sí ara wa. Ẹ kú ìnáwó kì í ṣe ẹ kú àṣeyẹ. Ẹ kú ará fẹ́raku kò ṣeé sọ fún ẹni tí a kò mọ òkú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kí wa ní àkígbà ti jẹ́rìí pé òun ń fi ojú sí wa lára.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ náà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Nazeem ní láti fi pe akọni, yálà akọni jẹ́ alárìnkiri tàbí olóyè. Bí a bá kọ Nazeem ní Yorùbá, tí ó ń sọ pé ‘Ṣé o máa ń dé òkè?’ ní ọjọ́ kìíní, tí ó wá di ‘Ṣé ẹ máa ń dé òkè?’ lẹ́yìn oyè, a kò fi ju ọ̀rọ̀ kan lọ tún un ṣe, ọkùnrin náà sì ti di alààyè. A ó rí i pé ìgbéraga rẹ̀ ṣì wà, pé ó sì ti mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti fi mọ.

Géèmù kan wà tí ó súnmọ́ èyí láìmọ̀. Nínú Middle-earth: Shadow of Mordor (2014), bí ọ̀kan nínú àwọn abàmì ọ̀tá tí wọ́n ń pè ní Orc bá bọ́ lọ́wọ́ akọni, yóò padà wá pẹ̀lú àpá ojú ọgbẹ́, yóò sọ ohun tí akọni fi ojú rẹ̀ rí, yóò sì gba àlàjẹ́ tí ó bá ìṣe rẹ̀ mu. Ẹni tí ó mọ oríkì yóò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìnagijẹ akin ṣe ń wọ inú oríkì rẹ̀: ìṣẹ̀lẹ̀ kan, gbólóhùn kan, títí ìtàn ayé ènìyàn yóò fi di ohun tí a lè fi pè é lórí ìjókòó. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Warner Bros. gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ète náà, kí ẹlòmíràn má baà lò ó láìgbàṣẹ. Mo rò ó títí, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín, pé kí ẹnì kan wá sọ fún àwọn akéwì Ọ̀yọ́ pé wọ́n ní láti tọrọ àyè kí wọ́n tó fún ọ̀tá ní àlàjẹ́.

Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford àti Google gbé ìlú kékeré kan kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí kò sí ìtàn tí wọ́n kọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí tàbí gbọ́ ni a ń kọ sílẹ̀ fún un ní gbólóhùn; bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò ṣa èyí tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́, èyí tí ó wúwo, àti èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ mu. Wọ́n fi sí ọ̀kan lọ́kàn pé kí ó ṣe àríyá, ìròyìn sì ti ẹnu dé ẹnu títí àwọn kan fi wá. Ohun mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣa ìrántí yìí kò jìnnà sí ohun tí ìyá alata Dutse fi ń yan ìkíni. Àmọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ènìyàn náà ń rántí. Ọmọ tí ó bá ń dàgbà ní Àbújá, tí ó ń gbọ́ Yorùbá nílé, Háúsá lójúde àti Gẹ̀ẹ́sì nílé-ẹ̀kọ́, wákàtí tí ó ń lò nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ ju èyí tí ó ń lò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà lọ. Bí kò bá sí ẹni tí yóò kí i ní Yorùbá níbẹ̀, a mọ èdè tí yóò máa fi rántí ayé.

Láti ọdún 2012 ni Bethesda ti fi irinṣẹ́ tí ènìyàn lè fi tún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Skyrim kọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní géèmù náà lórí kọ̀ǹpútà. Mo sọ èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, a sì mú bébà. Ó kọ ‘Ẹ kú ewu’ fún alágbẹ̀dẹ, ‘Ẹ kú ogun’ fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Nígbà tí ó kan Nazeem, ó ní kí á má fún un ní ọ̀rọ̀ kankan, kí ó kàn máa yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nígbà tí akọni bá ń kọjá. Mo ní rárá, irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò kí i, yóò tilẹ̀ kí i ju gbogbo ará ìlú lọ, yóò sì máa sọ kiri pé òun ni òun kọ́kọ́ fi ọ̀nà ààfin hàn án. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú láàárín wa.