Ẹjọ́ tí Sinimá kan Rò nípa Ìbọn ní Amẹ́ríkà

Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní àròkọ kò ní ṣàì pàdé irú ọmọ kan tí òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní sùúrù fún un. A bu àbùmọ́ lé e, kí a lè tètè gbà á gbọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a rántí nígbà tí a wo Bowling for Columbine tán, sinimá tí Michael Moore, ọmọ Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan, gbé jáde ní ọdún 2002, tí ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2003. Kì í ṣe eré àròsọ. Àwọn tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí gan-an ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1999, akẹ́kọ̀ọ́ méjì gbé ìbọn wọ ilé-ìwé Columbine ní Colorado. Wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ 12 àti olùkọ́ kan lọ́jọ́ náà, wọ́n sì pa ara wọn. Ìbéèrè Moore ni pé, kí ni ó dé tí ìbọn fi ń pa ènìyàn ní Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀?

Níbi tí ó ti borí wa pátápátá, òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jiyàn. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ọta Columbine ṣì wà nínú ara wọn, ọ̀kan nínú wọn lórí kẹ̀kẹ́ arọ, lọ sí olú ilé-iṣẹ́ Kmart, nítorí ṣọ́ọ̀bù Kmart ni a ti ra ọta náà. Ó ní àwọn wá dá ọjà padà. Lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n tún dé pẹ̀lú àwọn oníwèé-ìròyìn, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé láàárín 90 ọjọ́ àwọn yóò ṣíwọ́ títa ọta ìbọn ìléwọ́. Ta ni yóò bá irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ jiyàn?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò rẹ̀. Ó ní ìbọn pa ènìyàn 165 ní Kánádà lọ́dún kan, ó sì pa 11,127 ní Amẹ́ríkà. Ẹnu a ya olùwòran, nítorí ó lé ní ìlọ́po 67. Kò sọ fún wa pé ará Kánádà ìgbà náà kò ju bíi mílíọ̀nù 31 lọ, nígbà tí ará Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 280. Kí olùkọ́ ṣe ìṣirò náà lójú pátákó, yóò rí i pé nínú 100,000 ènìyàn, Amẹ́ríkà pàdánù bíi mẹ́rin, Kánádà kò pàdánù ju bí ìdajì ẹnìkan lọ. Ìlọ́po méje àti díẹ̀ ni. Ìlọ́po méje ha kéré bí? Èé ṣe tí kò fi jẹ́ kí ó dá dúró?

Ó fi hàn pé ìbọn pọ̀ ní Kánádà pẹ̀lú, bíi mílíọ̀nù 7 nínú agbo-ilé mílíọ̀nù 10, síbẹ̀ ó ṣí ilẹ̀kùn àwọn ará Toronto wò, kò bá a ní títì. Ẹ̀rù tí ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ń dá ba Amẹ́ríkà ni ó di ẹ̀bi lé lórí. Èrò náà jinlẹ̀, a sì yìn ín pé kò dẹ́bi fún irin nìkan. Ṣùgbọ́n ó fo ọ̀rọ̀ pàtàkì kan: púpọ̀ nínú ìbọn Kánádà ni ìbọn ọdẹ, láti ọdún 1934 sì ni òfin ti ní kí a forúkọ ìbọn ìléwọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìbọn tí ọdẹ gbé kọ́ èjìká àti èyí tí a lè fi sápò kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ti Charlton Heston ni ó dùn wá jù. Òṣèré àgbà yìí ni ààrẹ N.R.A., ẹgbẹ́ àwọn oníbọn, nígbà náà. Bí ẹkún Columbine ti ń lọ lọ́wọ́ lójú wa, Heston gbé ìbọn sókè, ó ní àfi bí òun bá kú ni a ó fi gbà á lọ́wọ́ òun; Moore sì sọ pé ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìpànìyàn ni ó wá ṣe ìpàdé ní Denver. Olùwòran gbà pé ní Denver ni ó ti sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Charlotte ni, ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ó ti lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó ti wá pe ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ kúrò ní ipò rẹ̀ kí adájọ́ tó gbọ́ ọ? Ìpàdé Denver fúnra rẹ̀ ti tó láti bí ènìyàn nínú.

Ní ìparí, Moore lọ bá Heston nílé, ó bi í léèrè nípa ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́fà tí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ yìnbọn pa ní ilé-ìwé lẹ́bàá Flint ní ọdún 2000. Heston dìde, ó ń lọ. Moore na àwòrán ọmọ náà tẹ̀lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó wò ó. Ọmọ náà ni ó yẹ kí a sunkún fún nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn arúgbó tí ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ ni ojú wa tẹ̀lé, àánú rẹ̀ ni ó sì ń ṣe wá.